Ẹni Tó Kọ́ Ilé Ìpàdé Ni Olùṣọ́ Rẹ̀: Ẹ̀kọ́ Láti Ara Ìgbésí Ayé Ẹni Tó Dá WhatsApp Sílẹ̀

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó mọ ohun tí a fi pamọ́ àti ohun tí a fi hàn. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tó bá tọ ipasẹ̀ wọn pẹ̀lú òdodo títí di ọjọ́ àlùkìyámọ̀.



Nínú Suratul-Hujurat, súrà 49, ayah 13, Ọlọ́hun fi yé gbogbo ọmọ aráyé pé láti ara ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni Òun ti dá wa, pé Òun sì ṣe wá ní orílẹ̀-orílẹ̀ àti ìran-ìran kí á lè mọ ara wa, àti pé ẹni tó bẹ̀rù Òun jù nínú wa ló níyì jù lọ́dọ̀ Òun. Ẹ wo ìdí tí Ọlọ́hun fi pín wa sí ìran-ìran: kí á lè mọ ara wa ni. Nítorí náà, ẹni tó bá ń pa ènìyàn pọ̀, tó ń jẹ́ kí ìyá tó wà ní Ìbàdàn gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ ńlá ló dì mú.

Ṣùgbọ́n kí Ọlọ́hun tó dé orí ọ̀rọ̀ mímọ ara ẹni yìí, ó ti kọ́kọ́ kìlọ̀ fún wa nínú súrà kan náà. Ní ayah 6, ó kìlọ̀ nípa ìròyìn tí a kò wádìí. Ní ayah 11, ó kìlọ̀ nípa fífi ọmọnìkejì ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ayah 12, ó kìlọ̀ nípa àbá dídá, títọpinpin àṣírí ẹni àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ẹni tó bá fẹ́ kó ènìyàn jọ, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ mọ ohun tí ń tú àwùjọ ká.

Lónìí, a fẹ́ fi ìgbésí ayé ọkùnrin kan tó kọ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé ìpàdé tó tóbi jù lọ láyé ṣe àríkọ́gbọ́n. Ọkùnrin náà kì í ṣe Mùsùlùmí. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi nínú Al-Kùráánì Alápọ̀n-ọ́nlé ni Ọlọ́hun ti pàṣẹ pé kí á rìn lórí ilẹ̀, kí á sì wòye. Ilé tí ọkùnrin yìí kọ́ kò jìnnà sí wa. Ó wà nínú àpò ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí.

ỌMỌ TÓ Ń GBÁLẸ̀ NÍNÚ ṢỌ́Ọ̀BÙ

Orúkọ rẹ̀ ni Jan Koum. Ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 1976 ni wọ́n bí i ní ìlú Kyiv, ní orílẹ̀-èdè Ukraine, nígbà tí ibẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ìjọba Soviet. Fastiv, ìlú kékeré kan nítòsí Kyiv, ló ti dàgbà. Ní ayé ìjọba yẹn, ènìyàn kì í sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lórí tẹlifóònù. Àwọn òbí rẹ̀ kì í fẹ́ fi fóònù sọ̀rọ̀ pẹ́, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn aláṣẹ ń tẹ́tí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. A óò padà sórí rẹ̀.

Ní ọdún 1992, nígbà tó di ọmọ ọdún 16, òun, ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ kó lọ sí ìlú Mountain View ní ìpínlẹ̀ California, ní Amẹ́ríkà. Bàbá rẹ̀ ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò rí ààyè wá mọ́. Ọdún 1997 ni bàbá náà kú sí Ukraine. Ìyá rẹ̀ di kálàmù àti ìwé àjákọ sínú àpótí láti ilé, kí wọ́n má baà ná owó lé ohun èlò ilé-ìwé ní ìlú àjèjì. Nígbà tí wọ́n dé Amẹ́ríkà, ìyá ń bá àwọn ènìyàn tọ́jú ọmọ, ọmọ ń gbálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ. Ìwé oúnjẹ tí ìjọba ń fún aláìní ni wọ́n fi ń jẹun. Kò pẹ́, àrùn jẹjẹrẹ kọlu ìyá náà, ó sì kú ní ọdún 2000. Ọmọ ọdún 24 ni Jan nígbà náà, kò ní bàbá, kò ní ìyá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ máa ń sọ pé àìlówó ni kò jẹ́ kí ẹ kọ́ iṣẹ́, ẹ gbọ́ bí ọmọ yìí ti ṣe. Yóò lọ ra ìwé ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní ilé ìtàwé tí wọ́n ti ń ta àlòkù, yóò kà á tán, yóò sì dá a padà fún wọn. Báyìí ló ṣe kọ́ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1997, ó pàdé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Brian Acton ní ilé iṣẹ́ Yahoo, wọ́n sì gba òun náà síṣẹ́ níbẹ̀. (Ilé iṣẹ́ gidi ni Yahoo tí a ń wí yìí o. Kì í ṣe iṣẹ́ gbájú-ẹ̀ tí àwọn ọmọ wa sọ orúkọ náà dà. Kí Ọlọ́hun tún ìwà àwọn ọmọ wa ṣe.)

Ní ọdún 2007, àwọn méjèèjì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n wá iṣẹ́ lọ sí Facebook. Facebook kò gbà wọ́n. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, Koum ra fóònù iPhone kan, ó sì ronú pé yóò dára bí ènìyàn bá lè rí i lára orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ bóyá ọ̀rẹ́ náà wà níbi iṣẹ́, tàbí bátìrì fóònù rẹ̀ ti fẹ́ tán. Ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2009, ló forúkọ WhatsApp sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun tó ṣe náà ń dákú, ó ń jí. Àwọn tó ń lò ó kò pọ̀. Ó ti fẹ́ pa á tì kó lọ wá iṣẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n Acton gbà á nímọ̀ràn pé kó fara dà á fún oṣù díẹ̀ sí i. Nígbà tó yá, ó ṣàkíyèsí pé àwọn ènìyàn ti ń fi ohun tí wọ́n ń kọ sí ara orúkọ wọn bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìgbà náà ló sọ ọ́ di ọ̀nà ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́. Ibẹ̀ ni ilé ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 2014, Facebook tí kò gbà wọ́n síṣẹ́ kéde pé òun yóò ra WhatsApp ní dọ́là bílíọ̀nù 19. Òṣìṣẹ́ 55 péré ni wọ́n nígbà náà, ṣùgbọ́n ènìyàn mílíọ̀nù 450 ló ń lo ohun tí wọ́n ṣe lóṣooṣù. Ẹ mọ ibi tí Koum ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn náà? Ó lọ sí ilé tó ti jẹ́ ọ́fíìsì ìrànwọ́ aláìní tẹ́lẹ̀ ní Mountain View, níbi tí òun ti máa ń tò láti gba ìwé oúnjẹ. Ara ilẹ̀kùn ibẹ̀ ló fi ìwé náà tì, tó sì fọwọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí rán wa létí sàhábé ńlá, Abdur-Rahman ọmọ Awf, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i. Nígbà tó ṣe hijra dé Madinah, kò ní nǹkan kan. Ànábì (ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a) so òun àti Sa'd ọmọ ar-Rabi' pọ̀ ní ọmọ ìyá. Sa'd ní kó wá gba ìdajì dúkìá òun. Abdur-Rahman ṣe àdúrà fún un, ó ní kí wọ́n ṣáà júwe ọjà fún òun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta wàràkàṣì àti òróró wàrà, Ọlọ́hun sì fi àlùbáríkà sí i títí ó fi di ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́rọ̀ tí ń náwó sí ojú ọ̀nà Ọlọ́hun. Islam kò kórìíra kí ọ̀dọ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀ kó là. Ohun tí Islam ń bi wá ni pé: kí ni o kọ́, ta ni o kọ́ ọ fún, báwo ni o sì ṣe ń ṣọ́ ọ?

ÀṢÍRÍ ÀWÙJỌ, OHUN ÌFỌKÀNTÁN NI

Ẹ jẹ́ kí á padà sórí àwọn òbí tí kò lè sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ohun tí ọmọ náà rí ní kékeré kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tó dá WhatsApp sílẹ̀, ó ní òun kò fẹ́ kó ìtàn ìgbésí ayé ẹnikẹ́ni jọ láti fi pa owó. Acton kọ ìwé pélébé kan fún un, tó wà lórí tábìlì rẹ̀: kò ní sí ìpolówó ọjà, kò ní sí eré, kò ní sí ọgbọ́n àrékérekè. Owó tí wọ́n ń gbà kò ju nǹkan bí dọ́là 1 lọ lọ́dún. Ní oṣù kẹrin ọdún 2016, wọ́n parí ètò kan tó ń ti ọ̀rọ̀ pa láti ọ̀dọ̀ ẹni tó fi í ránṣẹ́ títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà á, débi pé ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò lè kà á lójú ọ̀nà.

Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ rántí Suratul-Hujurat ayah 12? Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti máa tọpinpin àṣírí ara wa. Ohun tí Ọlọ́hun ti sọ láti ọdún tó lé ní 1,400 sẹ́yìn ni ìyà ayé fi kọ́ ọmọ yìí. Àṣírí ènìyàn ní ọ̀wọ̀. Ẹni tó bá sì kó ènìyàn jọ sínú ilé rẹ̀, àṣírí wọn di ohun ìfọkàntán lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú Suratun-Nisa'i, súrà 4, ayah 58, Ọlọ́hun pàṣẹ pé kí á dá ohun ìfọkàntán padà fún àwọn tó ni ín.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ta ilé náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, WhatsApp kéde pé òun yóò máa fún Facebook ní nọ́ńbà fóònù àwọn tó ń lò ó. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, àjọ European Commission bu owó ìtanràn yúrò mílíọ̀nù 110 lé Facebook, nítorí pé ohun tó sọ fún wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tó ń ra WhatsApp kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2017 kan náà, Acton kúrò níbẹ̀, ó sì fi nǹkan bí dọ́là mílíọ̀nù 850 tí ì bá tún gbà sílẹ̀. Ní ọdún 2018, ó sọ fún ìwé ìròyìn Forbes pé àṣírí àwọn tó ń lo WhatsApp ni òun tà, àti pé ojoojúmọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń bá òun gbé. Koum pàápàá kéde ní òpin oṣù kẹrin ọdún 2018 pé òun ń lọ. Nígbà tó sì di oṣù kẹfà ọdún 2025, ilé iṣẹ́ náà kéde pé ìpolówó ọjà yóò máa wọ inú WhatsApp, ní ìhà ibi tí àwọn ènìyàn ti ń wo àwòrán àti ọ̀rọ̀ tí ará wọn gbé síta. Ìwé pélébé orí tábìlì ti parí iṣẹ́.

A kò sọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ọlọ́hun ni Adájọ́. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tí ènìyàn bá tà, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o mọ́. Ilé lè di ti ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ìlérí tí o ṣe fún àwọn tó wà nínú ilé náà, orúkọ tìrẹ ni wọ́n fi gbà á.

IPASẸ̀ TÍ A FI SÍLẸ̀

Nínú Suratu Yasin, súrà 36, ayah 12, Ọlọ́hun fi yé wa pé Òun ń kọ ohun tí a tì síwájú sílẹ̀, Òun sì ń kọ ipasẹ̀ wa pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí ọkàn wa fara balẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ ipasẹ̀ yìí. Iṣẹ́ tí o fi ọwọ́ ara rẹ ṣe wà lọ́tọ̀. Ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń ṣe nítorí ọ̀nà tí o là sílẹ̀ wà lọ́tọ̀, ó sì wà nínú ìwé rẹ. Nínú hádíìsì tí Muslim gbà wá, Ànábì (ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a) fi yé wa pé ẹni tó bá dá àṣà dáadáa sílẹ̀ nínú Islam yóò gba láádá rẹ̀ àti láádá gbogbo ẹni tó bá tẹ̀lé e. Ẹni tó bá sì dá àṣà búburú sílẹ̀ yóò ru ẹrù rẹ̀ àti ti gbogbo ẹni tó bá fi í ṣèwà hù, láì dín tiwọn kù.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí máa mú ẹni tó ń kọ́ ilé ìpàdé fún àwọn ènìyàn ta jí lóru. Ẹni tó ta bàtà, bàtà náà yóò gbó. Ẹni tó kọ́ ibi tí ènìyàn ti ń pàdé, bó bá sùn, ìpàdé ń lọ. Bó bá kú, ìpàdé ń lọ.

Ẹ rántí oṣù kẹjọ ọdún 2014 ní Nàìjíríà, nígbà tí àrùn Ebola ti wọ Èkó. Àwọn ènìyàn fi fóònù tan ọ̀rọ̀ kan kálẹ̀ pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé-dé-ilé lóru kan. Àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru mu iyọ̀. Ìròyìn sọ nígbà náà pé ó kéré tán ènìyàn 2 kú, a sì gbé àwọn mìíràn lọ sí ilé ìwòsàn. Ebola kọ́ ló pa wọ́n. Àánú tí kò wádìí ló pa wọ́n.

Ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2018, àwọn ènìyàn lu ọkùnrin 5 pa ní abúlé Rainpada ní agbègbè Dhule. Ahesọ pé àwọn gbọ́mọgbọ́mọ wà nílẹ̀ ti ń kiri láti fóònù dé fóònù ní àgbègbè náà. Àwọn arìnrìn-àjò tálákà tí ń tọrọ bárà ni wọ́n. Nínú oṣù keje náà ni WhatsApp kéde pé ní Íńdíà, ènìyàn kò ní lè ta àtaré ọ̀rọ̀ kan sí ju ibi 5 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, òfin náà kan gbogbo ayé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, wọ́n tún ní ọ̀rọ̀ tó bá ti rìn jìnnà jù kò ní ju ibi 1 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin ará mi, ilẹ̀kùn tí a kò tì ní alẹ́ la wá ń tì ní òwúrọ̀. Ó dára pé a tì í, ṣùgbọ́n olè ti jáde.

Kí n má baà dà bí ẹni tó ń fi ìka tọ́ka sí ilé ẹlòmíràn nìkan, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Èmi náà ni mo dá gúrúùpù WhatsApp àwọn ọ̀dọ́ mọ́sálásí àdúgbò wa sílẹ̀. Mo fi í ṣe kí á lè máa rán ara wa létí ìrun àti ìpàdé ọjọ́ Àìkú. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ènìyàn 12. Nígbà tó yá, ó lé ní 200, inú mi sì ń dùn sí iye wa. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Ishai, ẹnì kan ju ohùn kan tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ sínú gúrúùpù náà. Ohùn náà ní bàbá kan tó ń lẹ táyà ní etí títì àdúgbò wa mọ̀ nípa ọmọ kan tó sọnù. Mo gbọ́ ọ. Mo rò ó nínú ọkàn mi pé èmi kọ́ ni mo sọ ọ́, ẹni tó fi í ránṣẹ́ gan-an kò mọ ẹni tó sọ ọ́. Agbára wà lọ́wọ́ mi láti pa á rẹ́. Oorun ń kùn mí. Mo sùn.

Nígbà tí a fi máa kí ìrun Àsùbáà, wọ́n ti wó àtíbàbà bàbá náà, wọ́n ti fọ́ ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà. Ọlọ́hun ló yọ ọ́, ẹnì kan ti fà á wọlé kí wọ́n tó dé. Ọmọ tí wọ́n ń wá ti sùn sílé àbúrò ìyá rẹ̀. Mo lọ bẹ bàbá náà. Mo ní kí wọ́n má bínú, mo ní èmi kọ́ ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà wá. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní: “Aáfáà, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ni ilé tí wọ́n ti sọ ọ́ ni?”

N kò ní èsì. Bàbá náà kó kúrò ní àdúgbò wa kí oṣù náà tó parí. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ka ayah ipasẹ̀ nínú Suratu Yasin, ohùn bàbá náà ni mo ń gbọ́.

Ẹ má rò pé ọ̀ràn fóònù nìkan lèyí. Ní ìlú Madinah, àwọn munáfíkì pa irọ́ mọ́ ìyá wa Aisha, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i. Fóònù kò sí, ṣùgbọ́n ahọ́n wà. Nǹkan bí oṣù kan ni ọ̀rọ̀ náà fi ń lọ láti ẹnu dé ẹnu, àwọn onígbàgbọ́ kan pàápàá sì kó sínú rẹ̀, títí Ọlọ́hun fi sọ ọ̀rọ̀ ìdáláre rẹ̀ kalẹ̀ nínú Suratun-Nur, súrà 24. Ní ayah 15, Ọlọ́hun bá wọn wí pé wọ́n ń fi ahọ́n gba ọ̀rọ̀ tí wọn kò ní ìmọ̀ rẹ̀, wọ́n rò pé nǹkan kékeré ni, bẹ́ẹ̀ ohun ńlá ni lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ẹ wá wo Zaynab ọmọ Jahsh, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó Ànábì, orogún Aisha. Nígbà tí Ànábì bi í léèrè, ó ní òun dáàbò bo etí àti ojú òun, òun kò mọ nǹkan kan nípa Aisha àfi dáadáa. Orogún nìyẹn o! Bí orogún bá lè pa ẹnu mọ́ nítorí Ọlọ́hun, kí ló ń ṣe ìka wa?

MỌ́SÁLÁSÍ MÉJÌ

Nínú Suratut-Tawbah, súrà 9, ayah 107 àti 108, Ọlọ́hun sọ ìtàn mọ́sálásí méjì. Èkínní, àwọn munáfíkì kọ́ ọ láti fi dá ìpalára sílẹ̀, láti tú àwọn onígbàgbọ́ ká, àti láti fi ṣe ibi ìlúgọ fún ẹni tó ń bá Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ rẹ̀ jà. Ọlọ́hun kọ̀ fún Ànábì láti dúró nínú rẹ̀ láéláé, Ànábì sì ní kí wọ́n wó o. Èkejì, orí ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ni wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sì fẹ́ràn ìmọ́tótó. Lójú ẹni tó ń kọjá lọ, ògiri àti òrùlé ni méjèèjì ní. Àníyàn ẹni tó kọ́ wọn àti ohun tí wọ́n ń ṣe nínú wọn ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Bí a bá wo ìgbésí ayé Koum dáadáa, àníyàn tó fi bẹ̀rẹ̀ kò burú: kí ènìyàn lè bá ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìsí ẹni tó ń yọjú. Ọ̀pọ̀ ìyá ló rí ojú ọmọ rẹ̀ nítorí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ló rí oníbàárà, ọ̀pọ̀ wàásù ló dé etí ẹni tí kò lè dé mọ́sálásí. Ṣùgbọ́n àníyàn rere nìkan kò tó láti ṣọ́ ilé. Àníyàn ni ìpìlẹ̀. Ìṣọ́ ni ògiri. Ilé tó ní ìpìlẹ̀ tí kò ní ògiri, ewúrẹ́ yóò wọ̀ ọ́, ejò náà yóò wọ̀ ọ́.

KÍ NI KÍ Á ṢE?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó fẹ́ dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú yín, ó sì kan ẹni tó jẹ́ admin gúrúùpù ènìyàn 20 péré. Nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Ibn Umar, Ànábì fi yé wa pé olùṣọ́ ni gbogbo wa, a óò sì bi olúkúlùkù nípa ohun tó ń ṣọ́. Nítorí náà:

Èkínní, tún àníyàn rẹ ṣe kí o tó pe ènìyàn jọ. Bi ara rẹ léèrè: bí wọ́n bá gba orúkọ mi kúrò lórí ohun yìí, ṣé n óò ṣì fẹ́ kó máa lọ dáadáa?

Èkejì, fi òfin ilé lélẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, kó tó di pé ènìyàn pọ̀. Òfin tí a bá ń gbé kalẹ̀ lẹ́yìn ìjà, ìjà mìíràn ló ń dá sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ìròyìn tó bá kan ẹ̀mí, ọlá tàbí ìṣẹ́ ènìyàn, má ṣe jẹ́ kó sùn nínú ilé rẹ láìwádìí. WhatsApp ti fún admin ní agbára láti pa ọ̀rọ̀ rẹ́ fún gbogbo ènìyàn inú gúrúùpù. Lo agbára náà lálẹ́ ọjọ́ náà. Má ṣe bí mo ti ṣe.

Ẹ̀kẹrin, àṣírí tí ẹni kan bá sọ láàárín yín kì í ṣe ọjà. Má tà á, má fi í ṣe àwàdà, má ya àwòrán rẹ̀ lọ sí ibòmíràn.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe admin, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ kò kàn yín. Nínú hádíìsì tí Muslim gbà wá, Ànábì fi yé wa pé irọ́ ti tó fún ènìyàn bó bá ń sọ gbogbo ohun tó bá ṣáà ti gbọ́. Kí ìka rẹ tó tẹ ibi tí yóò ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, jẹ́ kí ó rántí ẹni tí yóò jẹ́rìí ní ọjọ́ tí ọwọ́ yóò máa sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, ọ̀dọ́ tó jókòó nínú yàrá kékeré lónìí pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ lè kọ́ ilé tí mílíọ̀nù ènìyàn yóò wọ̀. Ọlọ́hun tó gbé ọmọ tó ń gbálẹ̀ dé ibi tó gbé e dé kò tíì dẹ́kun fífúnni. A kò ní kí ẹ bẹ̀rù láti kọ́lé. Ẹ kọ́ ọ, ẹ kọ́ ọ kó ga. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ́ ọ tán, ẹ má sùn lọ ní ẹnu ọ̀nà.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa. Kí ó bo àṣírí wa láyé àti lọ́run. Kí ó dárí jin èmi ẹ̀dá rẹ̀ tó sùn nígbà tó yẹ kó ṣọ́nà, kí ó sì ṣíjú àánú wo bàbá tí a fi àìbìkítà wa lé kúrò láàárín wa, kí ó fún wọn ní ibùjókòó tó dára ju èyí tí a bà jẹ́ lọ. Kí ó jẹ́ kí ipasẹ̀ tí a óò fi sílẹ̀ jẹ́ ipasẹ̀ tí yóò máa mú láádá wọ inú sàréè bá wa. Àmín.

Wa billaahit-tawfiiq. Was-salaamu alaykum wa rahmatullaahi wa barakaatuhu.